Ìmọ́lẹ̀ Karùn-ún àti Okùn Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará mi. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ìyá kí wọ́n jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn pé kí wọ́n fi ẹ̀rín wọn pamọ́, nítorí a óò lò ó láìpẹ́. Ìtàn tọkọtaya kan ni mo fẹ́ sọ, àti ti ìmọ́lẹ̀. Ọlọ́run tó ké sí ìmọ́lẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ sì jẹ́ ẹ, kí Ó là wá lójú títí a ó fi sọ ọ́ tán.

Ọdẹ kan wà ní Òkè-Àfọ̀n tí wọ́n ń pè ní Ọdẹ́jọbí. Ọkùnrin náà ga, àyà rẹ̀ gbòòrò, ìbọn rẹ̀ kì í tàsé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló lágbára jù nínú gbogbo ohun ìjà rẹ̀. Bí Ọdẹ́jọbí bá pa ẹfọ̀n kan ní òwúrọ̀, ẹfọ̀n náà á ti di mẹ́ta kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá a lẹ́kun, ìyẹn Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Bó bá ti ń sọ ọ́ lọ, tí àwọn àlejò ń la ẹnu sílẹ̀, Àwẹ̀ró á yọjú láti ẹ̀yìnkùlé, á ní, "Ẹfọ̀n mélòó lẹ ní, Bàbá Ìyíọlá?" Ọdẹ́jọbí á fọwọ́ họ orí, á ní, "Ó kù díẹ̀ kó di mẹ́ta."

Àwẹ̀ró ló ń dá orin fún ìjọ kékeré tó wà lẹ́bàá odò. Òun náà ló kọ́ ọkọ rẹ̀ ní ìwé kíkà, inú ìwé orin ló sì ti kọ́ ọ. Á di ìka ọdẹ náà mú, ìka tó le bí èèpo igi, á gbé e sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn á jọ máa kọ ọ́ lórin títí ọ̀rọ̀ náà á fi mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyẹn tí Ọdẹ́jọbí kò fi lè ka ohunkóhun láì kọ ọ́ lórin. Lẹ́tà tí Ìyíọlá ọmọ wọn kọ láti ìlú òkèèrè pàápàá, orin ló fi kà á, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ pé Ìyíọlá ti ra kẹ̀kẹ́.

Ní ọdún kan, ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú Àwẹ̀ró. Ó kọ́kọ́ ní èéfín ni. Lẹ́yìn náà ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àárẹ̀ ni. Ọdẹ́jọbí jẹ ọbẹ̀ náà tán, ó mu omi títí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Àwẹ̀ró dìde láti dá orin, ó ṣí ìwé, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, kò rí nǹkan kan. Ó pa ìwé dé, ó sì ń kọ èyí tó mọ̀ sórí. Nígbà tó di ẹsẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ tán lórí rẹ̀. Láàrin àwọn ọkùnrin, níbi tí Ọdẹ́jọbí jókòó sí, ó rí bí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ṣe ń tá ràrà wá ìjókòó. Ọkùnrin tó ti wo ẹkùn lójú rí tẹ orí ba, ó sunkún.

Wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà náà ṣe wọ́n jẹ́jẹ́, ó fi iná wo ojú náà, ó ní ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe ti tán.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, Ọdẹ́jọbí bá àparò kan nínú okùn tó dẹ sí etí oko. Bó ti fẹ́ gbá a lọ́rùn mú ni àparò náà ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá ọdẹ."

"Má bá mi sọ̀rọ̀," Ọdẹ́jọbí dá a lóhùn. "Ìwọ ni mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún ìyàwó mi. Bí o bá sọ̀rọ̀, àánú rẹ á ṣe mí."

"Ẹ óò jẹ mí lónìí, ẹ óò gbàgbé mi lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú mi sílẹ̀, màá sọ ibi tí oògùn ojú ìyàwó yín wà."

Ọwọ́ ọdẹ náà rọ̀. Àparò wá ròyìn Ìlú Ìmọ́lẹ̀ fún un, níbi tí wọ́n ti ń gbe ìrì tó bá sẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀kán kan sí ojú kan, ìkùukùu á ká kúrò.

"Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí o," àparò ní. "Wọn kì í tà á, wọn kì í sì í fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa dúró sí kí ìmọ́lẹ̀ tó dé ibẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n, ó gba ìrì. Bó bá ṣì í, ìmọ́lẹ̀ ojú tirẹ̀ náà á kú, wọn á sì fà á lọ́wọ́ lọ sí etí igbó, wọn á fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

"Èmi Ọdẹ́jọbí!" ni ọdẹ náà wí, ó ti ń tú okùn. "Èmi tí mo máa ń mọ ibi tí ìgalà máa gbà kí ìgalà fúnra rẹ̀ tó mọ̀! Ṣé ìmọ́lẹ̀ ló máa wá le fún mi?"

Àparò rẹ́rìn-ín, ó fò lọ.

Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ tó fẹ́ lọ. Ọjà Òkè-Àfọ̀n, ọrún-ọrún ni wọ́n ń ná an. Àwẹ̀ró jókòó lórí àpótí, ó na ọwọ́ títí ó fi kan orúnkún ọkọ rẹ̀.

"Ọjà wo ni kí n máa retí yín?"

"Ọjà karùn-ún."

"Ẹ tún un sọ."

"Ọjà karùn-ún, Àwẹ̀ró. Ṣé mo ti parọ́ fún ọ rí?"

"Ẹ kì í parọ́ fún mi. Ìṣirò yín ni mi ò gbẹ́kẹ̀ lé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ní ọdún tí wọ́n fẹ́ra wọn, Ọdẹ́jọbí sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ó wọ igbó lọ́jọ́ ọjà, kò sì ka ọjà ọjọ́ tó lọ mọ́ ọn. Bó ṣe jẹ́ pé ọjà odindi kan ló fi pẹ́ nìyẹn. Ó dé, ó bá ilé lófìfo. Àwẹ̀ró ti wà nílé bàbá rẹ̀, ó ti sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn àǹtí rẹ̀ sì ti ń kí i kú ará-fẹ́-ra-kù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá bí ọmọ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e la ó sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é, nítorí ọjọ́ tí a bí i wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ èyí nínú wa. Ọdẹ́jọbí náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti kánjú, tí orí rẹ̀ sì wú, ó máa ń gbàgbé.

Àwẹ̀ró mú okùn òwú méjì. Ó so kókó kan sórí ọ̀kan, ó fi ìka mẹ́rin lé e, ó so òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí kókó fi di márùn-ún lórí okùn kọ̀ọ̀kan.

"Òru mẹ́rin ló wà láàrin ọjà kan sí èkejì," ó ní, "ìka mẹ́rin ni mo fi wọ̀n ọ́n. Tèmi rèé, tiyín rèé. Tèmi ni màá máa tú. Ẹ má tú tiyín o, ẹ kàn máa fọwọ́ kàn án. Kókó àkọ́kọ́ yìí, ti òní ni. Òní wà nínú rẹ̀ o, Bàbá Ìyíọlá."

Ó tú kókó àkọ́kọ́ lórí okùn tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọdẹ́jọbí ki okùn tirẹ̀ bọ àpò, ó kúnlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un. Ó sì lọ.

Igbó Òjìji ló kọ́kọ́ wọ̀, níbi tí òjìji ènìyàn ti máa ń ní ẹnu. Kò tíì rìn jìnnà tí òjìji rẹ̀ fi jókòó sórí gbòǹgbò igi, tó ká ẹsẹ̀ sókè.

"Dìde ká lọ," Ọdẹ́jọbí ní.

"Mi ò lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tẹ̀lé ọ nínú ẹ̀gún. Bí o bá pa ẹran, ìwọ ni wọ́n ń kí. Ta ló ti kí mi kú iṣẹ́ rí?"

"Ṣé o fẹ́ kí n máa rìn láì ní òjìji? Kí làwọn ènìyàn máa sọ?"

"Wọ́n á ní o ti gbẹ."

Ọdẹ́jọbí fi ohùn ọdẹ sọ̀rọ̀ sí i. "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Ẹkùn méje ni mo fi ọwọ́ ara mi pa!"

"Mélòó?" òjìji béèrè. "Ibẹ̀ ni mo wà. Ẹyọ kan ni, ó sì ti darúgbó."

Ojú ti ọdẹ náà. Ó jókòó ti òjìji rẹ̀, ó sọ ohun tó ń wá lọ fún un: ìkùukùu ojú, ìwé orin tí wọ́n pa dé, ọwọ́ tó ń tá ràrà. Kó tó sọ ọ́ tán, òjìji ti dìde.

"Torí Àwẹ̀ró ni, o ò sì tètè sọ? Nínú gbogbo ilé yín, òun nìkan ló máa ń yẹra fún mi bó bá ń da omi gbígbóná nù." Ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì ṣáájú.

Wọ́n dé odò kan tó fẹ̀ tó ń ru. Ní etí rẹ̀ ni àwọn obìnrin méjì wà, wọ́n jọra bí ojú ọ̀tún ṣe jọ ojú òsì. Oníkálukú jókòó sórí òkúta tirẹ̀, ọ̀kan jìnnà sí èkejì, wọ́n sì ń fi ìdí igbá lu omi. Bí ọ̀kan bá lu omi, èkejì náà á lù ú ní ìṣẹ́jú kan náà gan-an. Ìgbì tibi tọ́hùn-ún á tàn ká, wọn á sì wọnú ara wọn. Níbi tí òkè omi bá ti pàdé òkè omi, odò á ga dé àyà ènìyàn. Níbi tí òkè bá ti pàdé kòtò, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ bí epo inú àwo. Àwọn ojú ọ̀nà tó tẹ́ yìí nà láti iwájú àwọn obìnrin náà lọ dé òdìkejì odò, ọ̀kan tẹ́, ọ̀kan ru, ọ̀kan tẹ́, ọ̀kan ru. Ẹni tó bá jókòó nínú igbá ńlá lè gba ojú ọ̀nà tó tẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n tín-ín-rín bí ọ̀nà èkúté. Igbá tó bá wọ ibẹ̀, ìgbì á dà á dé.

"Ẹ kú odò o, ẹ̀yin ìyá," Ọdẹ́jọbí kí wọn.

"Ẹ kí èmi lákọ̀ọ́kọ́," ni ti ọwọ́ ọ̀tún wí. "Èmi Táyélolú ni mo kọ́kọ́ dé ayé."

"Ẹ má dá a lóhùn," ni ti ọwọ́ òsì wí. "Èmi Ọmọ́kẹ́hìndé ni mo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ṣé àbúrò ló ń rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ ni?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀!"

"Ẹ wo ojú rẹ̀!"

Ọdẹ́jọbí ní, "Ojú kan náà ni."

Ìjà yìí ló ti wà láàrin wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n bá ti bínú, oníkálukú á tún gbé òkúta rẹ̀ sún sẹ́yìn, ojú ọ̀nà orí omi á sì tún tín-ín-rín sí i, títí kò fi sí arìnrìn-àjò tó lè kọjá mọ́. Ọdẹ náà dúró, ó ń gbọ́ igbá: pàà, pàà, pàà. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ìyá, mo ti dúró níbí láti àárọ̀, mi ò tíì gbọ́ kí igbá ẹnì kan ṣáájú ti ẹnì kejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ju èkejì lọ, wọn ò tíì sọ fún ọwọ́ yín."

Táyélolú wo ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ́kẹ́hìndé wo ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ òkúta wọn sún mọ́ra. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra ni àwọn ojú ọ̀nà orí omi ń là gbòòrò, bí ìgbà tí ènìyàn bá la ìka ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí èjìká wọn fẹ́ kan ara wọn, ọ̀nà kan ti fẹ̀ tó ti ọkọ̀ ẹrù.

"O parí ìjà fún wa," Táyélolú ní. "Gba ọ̀rọ̀ kan dání lọ. Wo bí ìgbésẹ̀ ìgbì kan ṣe gùn tó, láti orí òkè omi kan dé orí èkejì. Ka iye ìgbà tó wọ àlàfo tó wà láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n!"

"Ahọ́n mi ló yọ̀. Dákẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Bó bá wọ̀ ọ́ nígbà márùn-ún, pín jíjìnnà òdìkejì odò sí wa sí ọ̀nà márùn-ún. Ìpín kan ṣoṣo ni àlàfo tó wà láti àárín ọ̀nà kan dé àárín ọ̀nà kejì lọ́hùn-ún."

"Ìmọ́lẹ̀ náà, bí omi ló ṣe ń rìn," Ọmọ́kẹ́hìndé fi kún un. "Ìgbésẹ̀ rẹ̀ ló kéré gan-an."

Ọdẹ́jọbí wọ inú igbá ńlá kan tó wà létí odò, ó fi orin ìyìn sẹ́nu, ó gba ojú ọ̀nà tó tẹ́ náà gúnlẹ̀ láìfi omi kan ṣòkòtò.

Ìlú Ìmọ́lẹ̀ kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ògiri ń tàn, ewé ń tàn, eyín àwọn ọmọdé ń tàn. Ẹ̀rù ba òjìji Ọdẹ́jọbí, ó wọ inú àpò lọ bá okùn. Ní ẹnubodè ni bàbá kúkúrú kan jókòó sí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Amọ̀wọ̀n lorúkọ rẹ̀.

"Ọdẹ, èéfín lò ń rùn," Amọ̀wọ̀n ní. "Ojú ta lo wá gba ìrì fún?"

"Ojú ìyàwó mi."

"Ó dára. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń wá torí pé wọ́n fẹ́ rí ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe nínú yàrá. Wọlé."

Ó mú un wọ inú ilé òkúta gígùn kan tó ṣókùnkùn bí inú ìkòkò tí a dé. Ní ìpẹ̀kun kan, òkúta pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n la ojú méjì sí lára, ojú kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ pupa bí osùn ni wọ́n sé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi amọ̀ dí i. Ní ìpẹ̀kun kejì, ògiri funfun kan ló wà.

"Ojú méjì," Ọdẹ́jọbí ní. "Ibi méjì nìyẹn lórí ògiri. Ẹ gbé ìrì wá, bàbá, kí n máa lọ."

Amọ̀wọ̀n rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n fi lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ṣí amọ̀ náà, ó sì tún dí i kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jọbí ti rí i. Ògiri náà di aṣọ olílà láti òkè dé ilẹ̀: pupa, dúdú, pupa, dúdú, àwọn ìlà náà sún mọ́ra bí eyín ìyarun, èyí tó wà láàrin gan-an ló sì tàn jù.

Ẹ̀rù bà á. "Bàbá, ìmọ́lẹ̀ méjì ló wọlé. Ta ló jí ìmọ́lẹ̀ àwọn ibi tó dúdú yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó jí i. Ìmọ́lẹ̀ ojú kan gbé òkè dé ibẹ̀, ti ojú kejì gbé kòtò dé, wọ́n sì pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Èyí tó dín níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló lé sí, níbi tí òkè ti pàdé òkè. Ọlọ́run kò pàdánù nǹkan kan nínú rẹ̀."

Ọdẹ́jọbí rántí pé láti ìgbà tí ojú Àwẹ̀ró ti ṣú, ó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ òun láti ààlà oko. Ọkàn rẹ̀ rọ̀.

"Òkúta yẹn kọ́ ni tìrẹ," Amọ̀wọ̀n ní, ó sì gbé òmíràn síbẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra gan-an. "Òdiwọ̀n tí àlejò bá mú wá la fi ń wọn ilé yìí fún un. Kí lo mú wá?"

"Okùn ìyàwó mi. Ìka rẹ̀ mẹ́rin ló wà láàrin kókó kan sí èkejì."

Amọ̀wọ̀n gba okùn, ó wọn ilé láti òkúta dé ògiri, ó dá okùn padà. "Ẹgbàá ìka ìyàwó rẹ ni. Àlàfo tó wà láàrin ojú méjèèjì, ìgbésẹ̀ ìmọ́lẹ̀ pupa yìí wọ̀ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àmì efun tí mo fi sára ògiri yìí ni ìmọ́lẹ̀ àárín máa bà lé, òun sì ni àkọ́kọ́. Láti orí rẹ̀, kà lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, kí o fi ìka rẹ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ karùn-ún máa dúró. Bí ìmọ́lẹ̀ karùn-ún bá bà lé ìka rẹ, ìrì di tìrẹ. Bó bá jẹ́ òkùnkùn ló bà lé e, tàbí ìmọ́lẹ̀ mìíràn, o mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

Ọdẹ́jọbí mọ̀ ọ́n. Afọ́jú méjì nínú ilé kan, tí kò ní sí ẹni tó máa fa ẹnì kejì lọ́wọ́.

Nítorí pé inú orin ló ti kọ́ ohun gbogbo, orin ló fi ṣe ìṣirò náà. Ó mú ohùn orin òwúrọ̀ kan, ó ń kọ ọ́ nínú òkùnkùn: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta méjì, ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbàá. Bí ìgbésẹ̀ bá wọ àlàfo nígbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, pín ẹgbàá ìka sí ọ̀nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. "Mẹ́rin!" ó kígbe. "Ìka mẹ́rin ló wà láàrin ìmọ́lẹ̀ kan sí èkejì!"

Orí ọdẹ wú. "Ìmọ́lẹ̀ karùn-ún lẹ ní? Ìka mẹ́rin lọ́nà márùn-ún, ogún. Ogún ìka! Ẹ máa gbé ìrì bọ̀, bàbá. Wọn ò tíì bí ìmọ́lẹ̀ tó máa sá mọ́ Ọdẹ́jọbí lọ́wọ́!"

"Ṣé kí n ṣí i?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n."

Ó fi kókó àkọ́kọ́ lé àmì efun, ó na okùn sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń ka ìka lọ. Mẹ́rin. Mẹ́jọ. Méjìlá. Mẹ́rìndínlógún. Okùn tán.

"Okùn yìí kúrú," ó kùn. "Àwẹ̀ró ò rí ìdí okùn mọ́, ó ti fo kókó kan." Ó ti fẹ́ fi ìka mẹ́rin ti ara rẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan nínú òkùnkùn náà, ọwọ́ nìkan ló kù fún un, bó ṣe kù fún Àwẹ̀ró nílé. Ó fọwọ́ tọ okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kókó kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Kò fo ọ̀kankan. Ìka ìyàwó rẹ̀ tí kò ríran kò ṣì í. Ó sì dà bí ẹni pé ó gbọ́ ohùn rẹ̀ létí: Òní wà nínú rẹ̀ o, Bàbá Ìyíọlá.

Òógùn bò ó. Ìmọ́lẹ̀ àárín ni ọjà òní! Òun ni àkọ́kọ́, àlàfo kò sì sí ṣáájú rẹ̀. Kókó márùn-ún, àlàfo mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ márùn-ún, àlàfo mẹ́rin. Ó tún fẹ́ fi ọjà odindi kan pẹ́ bí ti ọdún ìgbéyàwó, ẹni tó bá sì pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí kò ní í délé mọ́. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi ìka tó le bí èèpo igi náà sábẹ́ kókó karùn-ún, bí ó ṣe máa ń fi í sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ìwé orin.

"Ẹ ṣí i," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

Amọ̀wọ̀n yọ amọ̀. Ìmọ́lẹ̀ bà lé àmì efun, ó bà lé kókó kejì, ó bà lé ẹ̀kẹta, ó bà lé ẹ̀kẹrin, ó sì jókòó sórí ìka Ọdẹ́jọbí, ó pupa fòò bí osùn. Níwájú rẹ̀, ní ogún ìka gan-an sí àmì efun, ìmọ́lẹ̀ kẹfà dúró síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Mo dúpẹ́ o," ni òjìji rẹ̀ wí láti inú àpò.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?" Amọ̀wọ̀n béèrè.

Ọdẹ́jọbí la ẹnu. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó fẹ́ sọ, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó pa ẹnu náà dé, ó tún un là, ó ní, "Ìyàwó mi ni."

Amọ̀wọ̀n bu ẹ̀kán ìrì méjì sínú ìkarahun ìgbín, ó fi ìda dí i, ó gbé e lé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Àwọn ìbejì sì tún lu omi fún un nígbà tó ń padà bọ̀, èjìká wọn kan ara wọn.

Ní ọjà karùn-ún, Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kókó kan ṣoṣo ló kù lórí rẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ tó yọ sí ìgboro ló ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ ti wá mọ ìṣirò nìyẹn."

Ọdẹ́jọbí mú un jókòó, ó kán ìrì sí ojú ọ̀tún, ó kán an sí ojú òsì. Àwẹ̀ró pa ojú dé pẹ́ títí. Nígbà tó là á, ó wo ọkùnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ta ni bàbá arúgbó yìí?"

Jìnnìjìnnì bo Ọdẹ́jọbí. Àfi nígbà tí Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín, tó di etí rẹ̀ méjèèjì mú. "Irun yín ti funfun, Bàbá Ìyíọlá, ẹ ò sì sọ fún mi!"

Ó ní kó gbé ìwé orin wá. Ó ṣí i sí orin ọjọ́ Ìsinmi yẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kẹta, ìka ọdẹ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, ohùn Àwẹ̀ró wà lókè. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n ya wọlé. Ọdẹ́jọbí jókòó láàrin wọn, ó ń ròyìn. "Mo dé odò kan, ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbejì mẹ́fà ló jókòó síbẹ̀!"

"Ìbejì mélòó?" Àwẹ̀ró béèrè.

"Ẹyọ kan ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pariwo bí mẹ́fà."

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, tí oòrùn rọlẹ̀, ọdẹ náà yọ okùn tirẹ̀ jáde, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ tú u, nítorí òun ti dé. Àwẹ̀ró kọ̀.

"Tèmi ti tú tán, ẹ jẹ́ ká fi tiyín sílẹ̀," ó ní. "Ọjà tó kù fún àwa méjèèjì láti jọ ná láyé, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ máa kà á." Ó di ìka rẹ̀ tó le náà mú, ó gbé e lé kókó àkọ́kọ́. "Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ọdẹ́jọbí kò kánjú. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ojú náà sì ń wò ó padà.

"Ọjà òní ni," ó ní. "Òní wà nínú rẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, ẹ̀yin ará mi, lórí àpótí kan ṣoṣo. Ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín, kí ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Bí ẹ bá délé, kí oníkálukú wo ojú ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un dáadáa, kó tó béèrè oúnjẹ.